Agbẹ̀dẹ, Apátí àti Òfin: Ìmọ̀ Títú àti Títún Ìbọn Ṣe láti Èjìnrìn dé Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, 1820–1959

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí a ti kọ lórí ogun ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tó ta ìbọn, ẹni tó rà á àti ẹni tó yìn ín ni ìtàn máa ń bá ṣe. Ẹni tó tú u palẹ̀ nígbà tó kọ̀ tí kò dún, tó yọ ohun tó ṣẹ́ nínú rẹ̀, tó sì rọ òmíràn sípò rẹ̀, kì í gbà ju gbólóhùn kan lọ: pé àwọn alágbẹ̀dẹ máa ń tún ìbọn ṣe. Lẹ́yìn èyí, òǹkọ̀wé á padà sórí àwọn balógun.

Gbólóhùn kan yẹn kò tó. Ìbọn tí a kò lè tún ṣe ń so ẹni tó rà á mọ́ ẹni tó tà á, nítorí pé bó bá ti bàjẹ́, dandan ni kí a padà sọ́jà. Ìbọn tí a lè tú, tí a lè tún tò, ti di ohun ìní pátápátá. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè nípa ohun tí alágbẹ̀dẹ mọ̀, bí ó ṣe mọ̀ ọ́n, àti ibi tí ìmọ̀ náà dúró sí, jẹ́ ìbéèrè nípa agbára òṣèlú. Èjìnrìn ni ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, nítorí pé ọjà yìí ni ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ẹnu ọ̀nà tí ìbọn gbà wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ìlú òkè.

Ọjà etí ọ̀sà

Èjìnrìn wà ní etí ọ̀sà lápá àríwá, láàrin Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ ojú omi láti Èkó ń gúnlẹ̀ síbẹ̀, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú ń pàdé wọn, ẹrù á sì gorí alárù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Epo pupa, aṣọ òfì àti oúnjẹ ń sọ̀kalẹ̀ wá. Iyọ̀, ọtí, aṣọ òyìnbó, irin, ìbọn àti ẹ̀tù ń gòkè lọ. Ìlànà àwọn Ìjẹ̀bú ni pé ará òkè kò gbọdọ̀ dé etí omi, àlejò láti Èkó náà kò sì gbọdọ̀ ré kọjá ọjà. Èrè tó wà nínú ìlànà yìí hàn gbangba. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ó jẹ́ kí ìbọn jẹ́ ohun tí Awùjalẹ̀ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ lè fi fún ẹni tó wù wọ́n, tí wọ́n sì lè fi du ẹni tí wọ́n bá ń bá jà. Títi ọ̀nà pa jẹ́ ohun ìjà fúnra rẹ̀.

Samuel Johnson, ẹni tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí ìwé náà kò jáde títí di 1921, kọ ọ́ pé nínú ogun Òwu, ní nǹkan bí àwọn ọdún 1820, àwọn Ìjẹ̀bú ló ní ìbọn lọ́wọ́ nígbà tí àwọn Òwu gbẹ́kẹ̀ lé agẹ̀dẹ̀ngbé. Wọ́n sún mọ́ òkun, wọ́n sì ń ta ẹrú fún àwọn òyìnbó tó ń kó ìbọn wá. Kò sí bí a ṣe lè fọ èyí mọ́: ọ̀pọ̀ ìbọn tí ó kọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wa, ènìyàn ni a fi pààrọ̀ wọn.

Láti ìgbà yẹn, etí ọ̀sà kò fi bẹ́ẹ̀ sinmi. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù kejìlá 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí nígbẹ̀yìn, tí Ọ̀ṣóòdì Tápà sì wà lára àwọn olórí ogun rẹ̀. Àdéhùn 1854 fún un láyè láti máa ṣòwò ní Palma, kò sì padà sí Èkó títí di 1862, lẹ́yìn ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ìlú náà di tirẹ̀ ní 1861. Ní oṣù kẹta 1865, Glover rán àwọn ọmọ ogun lọ lé àwọn Ẹ̀gbá tó dó ti Ìkòròdú. Ní Ẹ̀pẹ́ kan náà ni Awùjalẹ̀ Fìdípọ̀tẹ̀ sá lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà títì àti ogun Ìbàdàn dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1883. Èjìnrìn wà láàrin gbogbo rìgìyàn-rígíyán wọ̀nyí. Ibi tí ìbọn bá pọ̀ tó báyìí fún ìran méjì tàbí mẹ́ta, ìbọn tó bàjẹ́ á pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Inú ìbọn

Ìbọn tó wọ́pọ̀ ni ṣakabùlà, ìbọn gígùn tí a ń ki láti ẹnu. Orúkọ àwọn ará Denmark ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é, nítorí pé àwọn oníṣòwò ibẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú un wá sí etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni a ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Òkúta ìṣáná tí wọ́n ń lò náà jẹ́ ọjà: ìlú Brandon ní Suffolk ń gé e, ó sì ń kó o ránṣẹ́ sí Áfíríkà títí wọ inú ọ̀rúndún ogún.

Bí a bá yọ ìṣó méjì tàbí mẹ́ta tí a ń yí wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn yìí, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ á hàn lórí àtẹ́lẹwọ́ kan. Òòlù kékeré wà níbẹ̀ tó di òkúta mú. Sípíríǹgì ńlá kan tí a tẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹmú ń tì í síwájú. Lábẹ́ òòlù náà ni irin olóbìírí kan wà tí a gé eyín méjì sí lára, eyín kan fún ìsinmi, èkejì fún yíyìn. Irin pẹlẹbẹ kan ń kọ́ eyín náà, apátí tí ìka ń fà ni ó sì ń tú u sílẹ̀. Òkúta á ṣá ojú irin, iná á bọ́ sínú àwo kékeré tí a da ẹ̀tù sí, iná á gba ihò tóóró kan wọlé.

Àwọn àgbà mọ̀ dáadáa pé apátí ni ọkàn ìbọn. Òwe wọn ni pé ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? A sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ni ní ìṣọ́ra. Ó tún jẹ́ ẹ̀rí fún òpìtàn: ìbọn tí kò ní apátí wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láwùjọ kí òwe tó bá a mu. Ìbọn tí ẹ̀yà rẹ̀ ti sọnù, tó sì wà nílé kan tàbí òmíràn, tí ń dúró de alágbẹ̀dẹ, ni a ń wò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà kì í ṣe ọ̀rẹ́ irin. Sípíríǹgì tó dípẹtà á ṣẹ́ ní ibi tí a ti tẹ̀ ẹ́. Eyín á jẹ tán débi pé òòlù kò ní dúró mọ́, ìbọn á sì dún nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fà á. Ihò iná á fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí pé ẹ̀tù ń jẹ ẹ́, agbára tó yẹ kó ti ọta á máa sá jáde sí ojú ẹni tó dì í mú. Arthur Jones, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó lọ wo ibùdó Ẹ̀gbá nígbà ogun Ìjàyè ní 1861, kọ nípa irú ìbọn tí wọ́n ń lò àti bí wọ́n ṣe ń yìn ín; Ajayi àti Smith tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé wọn ní 1964. Àwọn òǹkàwé ìròyìn irú èyí máa ń yára sọ pé jagunjagun Yorùbá kò mọ ìbọn yìn nítorí pé kò gbé ìdí rẹ̀ sí èjìká. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè irú ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ihò iná ìbọn òun ti fẹ̀, tó mọ̀ pé ó lè bẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ nígbàkigbà, kò ní gbé ojú sún mọ́ ọn. Ọgbọ́n ni.

Ẹ̀kọ́ lẹ́nu ẹwìrì

Peter Lloyd, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ètò iṣẹ́ ọwọ́ nílùú Yorùbá tó jáde ní 1953, fi hàn pé agbo ilé ni ó ni iṣẹ́, pé ìpàdé agbo ilé ni ó sì tún jẹ́ ìpàdé oníṣẹ́. Ti alágbẹ̀dẹ bá èyí mu. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ẹwìrì, á máa fẹ́ iná, á máa wo bí irin ṣe ń yí àwọ̀ padà. Lẹ́yìn èyí ni yóò dé orí ìṣó, ọ̀bẹ, ọkọ́ àti àdá. Kì í ṣe ẹnu ni a fi ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀. Ojú ni, àti ọwọ́.

Ìbọn kò bá ètò yìí lọ pátápátá. Bàbá lè fi ọkọ́ tí bàbá tirẹ̀ rọ han ọmọ. Ìbọn kò ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ ní agbẹ̀dẹ. Ẹni àkọ́kọ́ tó tún un ṣe ní ìlú kan kò ní olùkọ́ mìíràn ju ìbọn tó bàjẹ́ náà lọ. Ó ní láti tú u, kó tò ó sílẹ̀ bó ṣe yọ ọ́, kó fi èyí tó ṣẹ́ wé èyí tí kò ṣẹ́ nínú ìbọn kejì, kó sì fi àárín méjèèjì rò ó pé ohun tí irin kékeré yìí ń ṣe nìyí. Ìmọ̀ tó wá láti inú títú nǹkan palẹ̀ ni, ó sì yàtọ̀ sí ìmọ̀ tó wá láti ìran dé ìran, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ń gbé, tí Ògún kan náà sì ń ṣọ́ wọn.

Níbi kan ni ìmọ̀ méjèèjì ti bá ara wọn pàdé, ibẹ̀ sì ni sípíríǹgì. Kí irin lè tẹ̀ kó sì padà sípò, iná àti omi ni yóò kọ́ ọ. Bí a bá rì í bọ omi nígbà tó gbóná jù, yóò le, yóò sì ṣẹ́ bí ìkòkò. Bí a kò bá mú un padà sínú iná díẹ̀ lẹ́yìn omi, kò ní fò. Alágbẹ̀dẹ tó ti ń rọ àdá mọ̀ nípa èyí kí ìbọn tó dé. Àwọ̀ irin nínú iná ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa kà títún ìbọn ṣe sí àfarawé lásán. Ohun tí Birmingham fi ẹ̀rọ àti ìpín iṣẹ́ ṣe, tí ẹnì kan ń ṣe ìṣó tí ẹlòmíràn ń ṣe òòlù, ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀ níwájú iná kan.

Alágbẹ̀dẹ náà ló ń rọ ọta onírin nígbà tí òjé bá wọ́n. Ohun tó ṣòro fún un ni ọ̀pá ìbọn fúnra rẹ̀. Láti rọ irin pẹlẹbẹ yí ká, kí a sì jó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀ láìsí àléébù ní gbogbo gígùn rẹ̀, jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Àwọn alágbẹ̀dẹ Awka ní ilẹ̀ Ìgbò di olókìkí nínú ìbọn ṣíṣe, nítorí náà a kò lè sọ pé agbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa kò lè ṣe é. Ní etí ọ̀sà, ọ̀pá tuntun kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni á fi ṣe wàhálà rẹ̀; Èjìnrìn wà nítòsí. Ọjà tó sún mọ́ni lè dín ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbìyànjú kù. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú àwọn ìwé tó ń gbóríyìn fún Èjìnrìn gẹ́gẹ́ bí orísun ọrọ̀.

Àìṣeé-dán-wò tún wà níbẹ̀. Láti 1813 ni òfin ti dá ilé ìdánwò sílẹ̀ ní Birmingham, níbi tí a ti ń ki ẹ̀tù tó pọ̀ ju ti ìlò ojoojúmọ́ lọ sínú ọ̀pá, tí a ń yìn ín, kí a tó lu òǹtẹ̀ sí i lára. Agbẹ̀dẹ kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìbọn tí a tún ṣe ń padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀ lórí orúkọ ẹni tó tún un ṣe nìkan. Bí ó bá bẹ́, gbogbo ìlú mọ ilé ẹni tí wọn yóò lọ.

Ohun tí ilé ọta tí ń yí mú wá

Ní 1866, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ètò tí Jacob Snider ará Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀: wọ́n gé ìdí ọ̀pá ìbọn Enfield wọn àtijọ́ tí a ń ki láti ẹnu, wọ́n fi ìlẹ̀kùn kékeré kan sí i, a sì ń ki í láti ẹ̀yìn. Ó dára kí a rántí pé àtúnṣe ìbọn ògbólógbòó ni ìbọn tó yí ogun Kírìjì padà. Àwọn Èkìtìparapọ̀ tí Ògèdèǹgbé ń darí rí i gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wọn ní Èkó, ó sì gba ọ̀nà Oǹdó tí Glover là ní 1872 lọ, láìfi ẹsẹ̀ kan ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Ìró rẹ̀ láàrin òkè ni ó bí orúkọ Kírìjì. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 kò rí àdéhùn títí di 1886, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká kúrò ní ibùdó títí di 1893.

Fún alágbẹ̀dẹ, Snider kò ṣòro tú. Ìdíwọ̀n ìṣòro rẹ̀ wà nínú ọta. Ẹ̀tù lásán kò wúlò fún un mọ́. Ọta, ẹ̀tù àti ohun tó ń tan iná ti wà nínú páálí onídẹ kan ṣoṣo tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ń ṣe. A lè tún ìlẹ̀kùn ìbọn náà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, a kò lè rọ oúnjẹ rẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá gbọ́ pé ìmọ̀ agbẹ̀dẹ kùnà lójú ìbọn ìgbàlódé, ibí ni kí a wò, kí a má wo ọwọ́ alágbẹ̀dẹ.

Rìfọ́fà, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Samuel Colt gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1836, Robert Adams ará ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù tẹ̀ lé e ní 1851. Nínú rẹ̀, fífà apátí kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ mẹ́ta: kó gbé òòlù sókè, kó yí ilé ọta débi tí ihò tó kàn yóò fi bá ẹnu ọ̀pá mu gẹ́lẹ́, kó sì tì í pa síbẹ̀ kí òòlù tó bọ́. Bí ihò mẹ́fà bá wà, ìdá kan nínú mẹ́fà àyíká ni ó gbọ́dọ̀ yí, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Ohun tó dùn mọ́ni ni pé Colt fọ́nnu púpọ̀ pé ẹ̀rọ òun ń ṣe ẹ̀yà tó lè bọ́ sínú ìbọn èyíkéyìí láìsí àtúnṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn òpìtàn iṣẹ́ ẹ̀rọ ti rí i pé fáìlì àti ọwọ́ ènìyàn ni ó ń parí iṣẹ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Iṣẹ́ tí ó wà nínú kí rìfọ́fà máa yí wọ́rọ́wọ́ kò yàtọ̀ ní ìpilẹ̀ sí ti ẹni tó ń gé eyín ìbọn ṣakabùlà. Títí dòní ní Amẹ́ríkà, aládàáni ń fi ìwé àtúnṣe àti fáìlì kọ́ iṣẹ́ yìí lórí tábìlì ilé rẹ̀.

Ní etí ọ̀sà, ọwọ́ àwọn ọ̀gágun, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn olówó díẹ̀ ni ìléwọ́ wà. Kò wúlò fún ọdẹ, kò sì dé agbẹ̀dẹ lọ́pọ̀ yanturu. Ìmọ̀ tó ń ti inú títú nǹkan palẹ̀ wá sì nílò ohun púpọ̀ tó bàjẹ́. Ìdí pàtàkì tí rìfọ́fà kò fi di ara ìmọ̀ agbẹ̀dẹ nìyí, ju pé ó le lọ.

Apá kìíní, apá kẹta

Òfin ló parí ìyókù. Àdéhùn Brussels ti 1890 fi òfin de kíkó ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn àti èyí tí inú ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà yíyí wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta àti ẹ̀tù lásán. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù karùn-ún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ lábẹ́ Francis Scott, wọ́n gbé Maxim dání, wọ́n ṣẹ́gun àwọn Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà Èjìnrìn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ní 1901 ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibòmíràn, ọjà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn.

Bí a ṣe pín ìbọn sí ti Áfíríkà àti ti òyìnbó ní Brussels kò kúrò nínú òfin lẹ́yìn náà. Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti 1959, tó wà nínú àkójọ òfin 2004 gẹ́gẹ́ bí Orí F28, pín ìbọn sí apá mẹ́ta. Apá kẹta ni ṣakabùlà, ìbọn olókùúta àti irú wọn tí a ń ki láti ẹnu, ìbọn ọdẹ àti àgbẹ̀, tó sún mọ́ àṣẹ ìbílẹ̀. Apá kejì ni ìbọn ọdẹ òyìnbó. Apá kìíní ni èyí tí a kà léèwọ̀, tí àgbá, bọ́ǹbù àti ìbọn arọ̀jò-ọta wà níbẹ̀. Inú apá kìíní yìí ni rìfọ́fà àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ wà, òfin náà sì sọ ọ́ ní kedere pé ìléwọ́ olókùúta wà lára wọn.

Ní ti ẹ̀rọ, apátí, eyín, sípíríǹgì àti òòlù tó ń gbé òkúta nínú ìléwọ́ olókùúta kò yàtọ̀ sí ti ṣakabùlà. Alágbẹ̀dẹ tó bá lè tún ọ̀kan ṣe ti mọ èkejì. Gígùn ọ̀pá ni ó mú kí ọ̀kan wà ní apá kẹta pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá nínú agbẹ̀dẹ, tí èkejì sì wà ní apá kìíní pẹ̀lú bọ́ǹbù.